Níbo Ni Ìwé Ẹgbẹ́ Yín Wà? Ohun Tí Láìbìrì Fásitì Lè Ṣe Fún Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kano, Jos, Kaduna, Minna, Port Harcourt àti gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí, ìbéèrè kan rèé: ìwé mínìtì tí ẹgbẹ́ yín kọ ní nǹkan bí 1960, ọwọ́ ta ló wà? Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ọdún yìí là ń bèèrè o. Ìwé ńlá tí akọ̀wé ìgbà yẹn fọwọ́ kọ la ní lọ́kàn, èyí tó ní orúkọ àwọn tó dáwó ra ilẹ̀ gbọ̀ngàn, iye tí kálukú mú wá, àti orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ sin nígbà tí kò sí ẹni tó máa gbé òkú wọn padà sílé.

Ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ní ju mẹ́ta lọ. "Ó wà nílé Bàbá Akọ̀wé, ṣùgbọ́n Bàbá ti dolóògbé." "Àwọn ọmọ ti kó o fún ẹlẹ́pà." "Ó jóná nígbà ìjà." Ẹni tó wà ní Kaduna ní 2000, tàbí ní Jos ní 2001 àti 2008, mọ̀ pé ìdáhùn kẹta yẹn kì í ṣe àwáwí.

Kí ló wá mú ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ di ọ̀rọ̀ òde òní? Ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ni. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé kí wọ́n má ṣe fi ibi tí èèyàn ti wá yà á sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Sabon Gari, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ṣì ń wá ìwé yẹn lọ sí Ọ̀ṣun tàbí Kwara kó tó lè wọ fásitì tàbí rí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé mínìtì lè sọ yín di ọmọ ìbílẹ̀. Kò lè ṣe é. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú bá délé ẹjọ́, tàbí ti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ kọ́, tàbí ti ṣọ́ọ̀bù ọjà, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò. "Àwọn bàbá wa sọ fún wa" ò tó nǹkan níbẹ̀.

Ìwé tó sì wà nípa wa lónìí, ìjọba ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà ní Ìbàdàn, Kaduna àti Enugu. Bí ẹ bá lọ ka fáìlì àwọn òyìnbó nípa òkè Ọya níbẹ̀, ẹ máa rí Yorùbá tó tẹ̀ lé rélùwéè dé Kano lẹ́yìn 1911: akọ̀wé, oníṣòwò, káfíńtà, télọ̀. Ṣùgbọ́n ojú D.O. lẹ fi máa rí wọn, àlejò tó ń san owó orí, tó ń bèèrè ilẹ̀, tó ń kọ ìwé ẹ̀hónú. Ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ nípàdé ẹgbẹ́ ọjà, bí wọ́n ṣe ń dá èésú, ẹni tí wọ́n bá lájà, ẹni tí wọ́n lé kúrò, kò sí níbẹ̀. Ìwé tiwa nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ láìbìrì fásitì. Ọ̀pọ̀ wa mọ láìbìrì sí ibi tí ọmọ ilé ìwé ti ń kàwé fún ìdánwò, ṣùgbọ́n àwọn tó tóbi nínú wọn ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní àkànṣe àkójọ. Wọn kì í yá ìwé ibẹ̀ lọ sílé, ẹ ò sì ní fọwọ́ ara yín mú un lórí pẹpẹ. Ẹ máa kọ orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ á lọ gbé e wá, ẹ máa kà á lójú rẹ̀. Ní Fásitì Ìbàdàn, inú irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní Kenneth Dike Library ni ìwé Herbert Macaulay wà, Macaulay tó jà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Apapa àti ti Eléko, tó kú ní 1946. Ẹni tó ń kọ ìtàn òṣèlú Èkó lónìí ò lè yẹra fún àwọn páálí yẹn. Ká ní wọ́n pín wọn fún mọ̀lẹ́bí bí aṣọ òkú ni, ta ni ì bá rí wọn kó jọ mọ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ láìbìrì náà, ọmọ Awka ni. Lẹ́yìn 1950 ló rin Nàìjíríà ká, tó ń wo bí ìkán àti òjò ṣe ń jẹ ìwé ìjọba ní ọ́fíìsì káàkiri. Ìròyìn tó kọ lé e lórí ló bí ilé àkójọ ìwé ìjọba tí a ní lónìí, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1957. Iṣẹ́ náà, kí ẹnì kan dìde kó lọ bèèrè ìwé kó tó bàjẹ́ ni, kì í ṣe jíjókòó dè é.

Fún ìwé tí wọ́n bá tẹ̀, òfin wà. Láti 1950 ni òfin ti ní kí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà máa lọ sí Ìbàdàn. Òfin National Library ti 1970 wá ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta wá, méjì dúró sí National Library, ọ̀kan lọ sí láìbìrì Fásitì Ìbàdàn. Ìwé ìtàn tí ẹgbẹ́ yín tẹ̀ fún ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, tẹ́ ẹ pín pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì, ṣé ẹ mú mẹ́ta lọ? Mo mọ èsì rẹ̀. Èyí tí a fọwọ́ kọ ni wàhálà gan-an, torí kò sí òfin kankan tó ní kí ẹnikẹ́ni mú mínìtì ẹgbẹ́, rìsíìtì ilẹ̀ tàbí fọ́tò ìfijoyè wá síbì kankan. Bí ẹgbẹ́ ò bá pinnu, ìkán á bá a pinnu.

Àwọn ará wa tó wà ní Ghana ti rí i. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ṣakí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó ẹrù sórí lọ́rí. Lọ́sẹ̀ méjì, ta ni yóò ráyè gbé ìwé ẹgbẹ́? Nígbà tí ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, J.S. Eades, wá kọ ìwé nípa Yorùbá tó gbé ní àríwá Ghana, tó jáde ní 1993, ẹnu àwọn tó padà sílé ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ṣì wà láàyè nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ẹ bá wá gbé àpótí yín dé fásitì, kí ni ẹni tí wọ́n ń pè ní archivist máa ṣe sí i? Á kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dé, ọjọ́ tó dé, àti ọwọ́ ẹni tó ti wá. Á yọ kòkòrò, pín-ìn-nì àti kílíìpù tó ti dípẹtà, á gbọn eruku, á tò ó sínú páálí tí kò ní ásíìdì. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé ìwé tó bá wá papọ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé papọ̀. Bí rìsíìtì 1962 bá wà láàárín mínìtì 1962, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ẹni tó bá yọ gbogbo fọ́tò lọ tò sápá kan torí kó lè rẹwà ti já okùn tó so fọ́tò mọ́ ìpàdé tí wọ́n ti yà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kọ atọ́ka, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè mọ̀ pé páálí kẹrin ló ní orúkọ bàbá òun.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má lámínéètì ìwé àtijọ́ kankan. Ooru ẹ̀rọ náà ń ba pépà jẹ́, ọ̀rá yẹn ò sì ṣeé ṣí mọ́. Sẹ́lótéèpù náà ò dáa. Fọ́tò tẹ́ ẹ fi fóònù yà tẹ́ ẹ sì jù sórí WhatsApp, ó dáa fún ìròyìn, kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ̀dà tó dé ọwọ́ àwọn èèyàn ti fúnpọ̀, lẹ́tà kéékèèké ò ní ṣeé kà, bí fóònù admin bá sì jábọ́ sómi, ó tán nìyẹn.

Ó yẹ ká sọ òótọ́ nípa fásitì náà. Kì í ṣe ọ̀run. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti February 14 títí di October 14, àwọn ọ̀gá láìbìrì sì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ní April 2024, owó iná Band A fò láti naira 68 dé 225 fún kílówáàtì kan fún wákàtí kan, àwọn fásitì sì pariwo. Láìsí iná, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, ìwé á sì máa bu bíi búrẹ́dì lásìkò òjò. Iná gidi náà ò mọ ẹni tó lówó. Ní April 18, 2021, iná orí òkè ya wọ Fásitì Cape Town, ó jó gbọ̀ngàn ìkàwé Jagger, ìwé nípa Áfíríkà bí 70,000 sì lọ. Ohun tó yẹ ká kọ́ wà nísàlẹ̀ ilé náà. Ilẹ̀kùn tó ń dènà iná ti ara rẹ̀ pa, iná ò ráyè dé ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ wà. Omi panápaná ló rin wọ́n, àwọn ọlọ́yàyà sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbé wọn jáde ní páálí kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá bẹ láìbìrì kan wò, ẹ má wo kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ bèèrè ilẹ̀kùn iná, ẹ bèèrè òrùlé tó ń jò, kẹ́ ẹ sì bèèrè ibi tí ẹ̀dà tí wọ́n ti yà sórí kọ̀ǹpútà wà, bóyá inú ilé kan náà ni.

Èrò tèmi ni pé kí a má gbé gbogbo ẹ̀ relé. Àwọn kan á sọ pé Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ nìkan ni ká kó o lọ, torí pé tiwa ni. Mo gbà pé ẹni tó ń kọ atọ́ka gbọ́dọ̀ lè ka Yorùbá, pàápàá èyí tí wọ́n kọ láìfi àmì ohùn sí, tó jẹ́ pé àyíká ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Yorùbá Kaduna, ìtàn Kaduna ni pẹ̀lú. Ní Kaduna, Arewa House wà ní ọgbà tí Sardauna gbé, Fásitì Ahmadu Bello sì ti ń ṣe ìwádìí ìtàn níbẹ̀ láti 1970. Akẹ́kọ̀ọ́ Hausa tó ń kọ ìtàn ìlú rẹ̀, níbo ló ti máa rí i pé àwọn bàbá wa bá wọn kọ́ ọ, bí gbogbo ìwé wa bá wà ní Ìbàdàn? Ẹ fi ojúlówó síbi kan, kí ẹ̀dà tó dáa wà níbi kejì, kí ẹgbẹ́ mú ẹ̀kẹta dání.

Kí àpótí tó kúrò nílé, kí àdéhùn wà. Kì í ṣe "ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀" lẹ́nu lásán. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí ìfipamọ́ tí ẹgbẹ́ lè gbà padà, ẹni tó lè tẹ fọ́tò ibẹ̀ jáde, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí fásitì bá fẹ́ jù ú nù. Mínìtì ẹgbẹ́ kún fún ẹjọ́ tọkọtaya, gbèsè àti ọ̀rọ̀ ta ló bímọ fún ta. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì dáàbò bo irú wọn. Ẹ lè ní kí wọ́n ti àwọn páálí kan pa fún 30 ọdún tàbí 50. Archivist tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bi yín.

Ìpàdé gbogbogbò ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe alága nìkan, kí wọ́n sì ka àdéhùn náà sétí ìgbọ́ ní Yorùbá. Kí ẹni méjì tó mọ ojú àwọn èèyàn inú fọ́tò jókòó pẹ̀lú akọ̀wé kí páálí tó lọ, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Àwọn ló mọ ẹni tó dúró ní ìlà kẹta.