Ẹ Má Fi Òwìwí Wé Dírágónì

Nínú eré Dungeons & Dragons, èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, tí àwọn ènìyàn fi ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ju dáìsì, tí olúkúlùkù sì ń ròyìn ohun tí akọni tirẹ̀ gbé ṣe, ọ̀ràn kan wà tí n kò lè gbé mì: ọ̀ràn ọfọ̀ tí àwọn oṣó fi ń rán afẹ́fẹ́ níṣẹ́, àti ìyà tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún fi ń jẹ gbogbo abìyẹ́ tó bá pàdé lójú ọ̀run.

Nínú òfin tí wọ́n tẹ̀ ní 2003, ìwọ̀n ara ni ọfọ̀ Gust of Wind kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ̀dá kékeré bá ń fò, wọn a ju dáìsì olójú mẹ́fà, wọn a sọ iye tó bá já di ìlọ́po mẹ́wàá, iye ẹsẹ̀ bàtà bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò sì gbá a sẹ́yìn. Fún èyí tó tó ènìyàn, ìlọ́po márùn-ún. Ṣùgbọ́n abara ńlá tó ju ènìyàn lọ a kọjá bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò pe ọfọ̀ kankan. Àwọn tó kọ òfin yẹn mọ̀ pé ìka kò dọ́gba.

Nígbà tó di 2014, afẹ́fẹ́ fẹ́, a sì rí fùrọ̀ adìyẹ. Ọfọ̀ náà kò dárúkọ ìyẹ́ mọ́ rárá. Ẹni tí kò bá yege nínú ìdánwò agbára, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń tì í sẹ́yìn, ì báà ṣe eku, ì báà ṣe erin. Ìwé àwọn adarí eré ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá, nígbà tó pàṣẹ pé abìyẹ́ yòówù tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ líle, irú èyí tí ọfọ̀ náà ń pè jáde, gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí ìgbà tirẹ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó já lulẹ̀. Kò sí dáìsì, kò sí ẹ̀bẹ̀. Òwìwí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3, àti àgbà dírágónì pupa tí tirẹ̀ jẹ́ 27, ọgbọọgba ni wọ́n lójú òfin yìí, tó fi jẹ́ pé ọmọdé oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele kẹta lè já irú dírágónì bẹ́ẹ̀ bí ẹni já ọsàn.

Àwọn kan ní ìṣirò ìwọ̀n ara ń fa eré sẹ́yìn. Irọ́ ni! Àwọn tó ń fi odidi wákàtí yọ ẹ̀mí dírágónì kan díẹ̀díẹ̀ láìkáàárẹ̀, ṣé ìlà kan ṣoṣo ni yóò wá dá wọn lágara? Àwọn mìíràn ní afẹ́fẹ́ líle ni ọ̀tá ohun gbogbo tó ń fò. Kí wọ́n bi ẹyẹ albatross léèrè, ẹyẹ òkun gúúsù tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bó bá nà wọ́n tán, lè ju mítà mẹ́ta lọ: inú ẹ̀fúùfù gan-an ló ti ń jẹun, a na ìyẹ́ gbọọrọ láìjù wọ́n, a jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òun rìn, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá sì dákẹ́ ni ìnira tó dé bá a, tí í jókòó kalẹ̀ sójú omi.

N kò ní kí wọ́n sọ ọfọ̀ di yẹpẹrẹ o. Control Winds, tó wà nínú ìwé Xanathar's Guide to Everything ti 2017, lè fẹ́ afẹ́fẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, abìyẹ́ tí agbára rẹ̀ kò bá sì gbé e a ṣubú. Ìyẹn tọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tẹni mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń fẹ́ síni lójú, alágbára sì rí àyè jà.

Ẹ̀yin adarí eré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti sọ ọ́ kí dáìsì tó kan tábìlì, kí oṣó má baà rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ: ìwọ̀n ara ti 2003 ni ẹ ó lò, àfi bí afẹ́fẹ́ bá ti òkè wá.