Àwòrán Ara Ògiri tí Ó Di Àwọ̀ Ìyeyè

Àwọn ìyá kan bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ra ẹ̀rọ projector àlòkù, èyí tí í tan àwòrán sára ògiri, kí wọ́n lè máa fi àwòrán han àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀rọ náà ń tàn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó funfun ni ó di àwọ̀ ìyeyè, ojú ọ̀run pàápàá sì dà bí ewé tí ó ń rọ. Ẹni tí í tún ẹ̀rọ ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n ra gílóòbù tuntun, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Ǹjẹ́ kí wọ́n san án bí?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì tú àpò ẹgbẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì Menu lára ẹ̀rọ náà. Àkọsílẹ̀ tí yóò yọ sára ògiri kò gba inú wáyà kọjá. Inú ẹ̀rọ gan-an ni ó ti wá. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá mọ́ gaara nígbà tí àwòrán yín kò mọ́, wáyà tàbí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fura sí. Wáyà VGA, tí orí rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ 15 ní ìlà 3, ni ó sábà máa ń fa èyí. Abẹ́rẹ́ kìíní ni í gbé àwọ̀ pupa, èkejì àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta àwọ̀ aró. Bí ẹ̀kẹta bá wọ́ tàbí tí ó ṣẹ́, aró kò ní dé ara ògiri, funfun yóò sì di ìyeyè. Bí èkejì ni ó bàjẹ́, funfun a fara jọ àlùkò. Owó wáyà tuntun kéré púpọ̀ sí ti gílóòbù.

Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ni ó yí ètò àwọ̀ padà. Òmíràn ní ètò fún pátákó ìkọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, èyí tí í mọ̀ọ́mọ̀ yí àwọ̀ padà. Reset ni yóò mú un bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n bí Menu pẹ̀lú bá ti di ìyeyè, tí Reset kò sì ṣe nǹkan kan, inú ni àìsàn wà. Nínú irú ẹ̀rọ tí à ń pè ní 3LCD, dígí a máa pín ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sí mẹ́ta: pupa, ewé àti aró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a gba inú pẹlẹbẹ tirẹ̀ kọjá, kí wọ́n tó tún parapọ̀ di àwòrán kan. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níwájú pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn rẹ̀. Agbára ìmọ́lẹ̀ aró ju ti ìyókù lọ, nítorí náà awọ tirẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jóná. Bí eruku ọyẹ́ bá sì ti dí asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ooru a mú kí ó yá. (A ti rí ẹni tí í gbé ẹ̀rọ yìí lé orí tìmùtìmù!)

Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Gílóòbù tí ó gbó a máa mú kí gbogbo àwòrán ṣókùnkùn. Kì í yan ibì kan. Awọ tí ó jóná a máa fi àbàwọ́n sí àárín tàbí igun. Ẹ tan àwòrán pupa lásán, lẹ́yìn náà ewé, lẹ́yìn náà aró. Bí aró nìkan bá ní àbàwọ́n, gílóòbù tuntun kò ní wò ó sàn. Owó ẹgbẹ́ yóò kàn ṣòfò ni. Awọ náà ni kí a pààrọ̀, a sì lè yọ ọ́ lára ẹ̀rọ mìíràn irú rẹ̀ tí ó ti kú.

Bí a kò bá rí i, ẹ̀rọ náà ṣì wúlò fún ọ̀rọ̀ orin, nítorí lẹ́tà dúdú ṣeé kà lórí ìyeyè. Nígbà tí ẹ bá sì tún ń lọ ra òmíràn, ẹ mú kọ̀ǹpútà yín dání, kí ẹ tan àwòrán funfun, pupa, ewé àti aró, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó san owó.