Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Dá Ẹjọ́ Ajá àti Ìjàpá

Ìyàn mú, Ajá ń jí iṣu olóko ní ìwọ̀nba. Ìjàpá bá a lọ, ó di ẹrù tí kò lè gbé, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì dárúkọ Ajá. Kí ìránṣẹ́ ọba tó dé, Ajá ti dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi ẹyin tútù sẹ́nu, ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Wọ́n ní aláìsàn kò lè jalè, Ìjàpá nìkan ló jìyà. Nínú kíláàsì, olùkọ́ á béèrè ẹ̀kọ́ inú àlọ́ náà, àwọn ọmọ á hó pé ojúkòkòrò kò dára, ó parí. Ajá tó jalè, tó tún purọ́ fọ́ba, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ohun tí ọmọ á fi sínú gbé lọ ni pé olè tí ọwọ́ kò bá tẹ̀ kì í ṣe olè.

Èrò wa ni pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí olùkọ́ dúró sí. Kí àwọn kan gbèjà Ìjàpá, kí àwọn kan gbèjà Ajá, kí àwọn kan sọ ẹ̀dùn ọkàn olóko, kí ìyókù jókòó bí ọba àti ìjòyè. Ǹjẹ́ ebi lè dá olè láre? Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni Ìjàpá, nígbà tó jẹ́ òótọ́ ló sọ? Àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè Ẹnu-Ọwá ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni à bá fẹ́ kí irú ìgbẹ́jọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọba Èkó jẹ. Ọmọ tó dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé ìdájọ́ ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kí wọ́n sì fi Yorùbá jiyàn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó, ti darí ètò tó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọn kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àwọn àgbà kan lè ní àríyànjiyàn á sọ ọmọ di aláfojúdi. A kò fojú kéré ìbẹ̀rù yìí, ṣùgbọ́n àlọ́ kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkan: ọmọ ló ń gbè é, ọmọ ló sì ń já àlọ́ àpamọ̀. Olùkọ́ kò ní sọ pé olè dára. Yóò kàn jẹ́ kí ọmọ fi ọ̀wọ̀ sọ ìdí tí kò fi dára ni. Ní ti àkókò, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 ti fi Yorùbá sínú iṣẹ́ gbogbo ilé-ìwé, ìwé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin àjọ SUBEB, tó ń bójú tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìgbẹ́jọ́ àlọ́ yìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti táàmù tó ń bọ̀.