Ẹni tó ń ṣí pọ́ǹpù díísù, owó yín ló ń sọ di èéfín

Àwọn tó wọ mọ́lúè lójú Agege Motor Road ní bí ọdún 1980 ò lè gbàgbé èéfín dúdú rẹ̀. Benz 911 ló pọ̀ nínú wọn. Ogbó ló fa èéfín ti òmíràn, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló fa ti òmíràn.

Dírẹ́bà á ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣí pọ́ǹpù yìí díẹ̀, mọ́tò ò fà mọ́.” Mẹkáníìkì á já òjé tí wọ́n fi dí síkúrù, á fi sípánà yí i, mọ́tò á sì sáré lóòótọ́. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn náà nìyẹn.

Òjé yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ẹ́ńjìnnì 911, OM 352, ní píṣítìnì mẹ́fà. Bó bá ń yí ní ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,400 ni pọ́ǹpù ń tọ epo sí píṣítìnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń tọ lẹ́ẹ̀kan ò sì ju bí ẹ̀kán omi kan lọ. Kílò díísù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kílò 15 kó tó jó tán, ó tiẹ̀ yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Síkúrù lè fi kún epo, kò lè fi kún afẹ́fẹ́. Ìyá tó ń fi igi dáná mọ̀ ọ́n: bí igi bá kún ààrò jù, èéfín ló ń rú. Ooru á wá pọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, orí píṣítìnì á yọ́.

Mọ́lúè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ irú síkúrù bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára tírélà àtijọ́ tó ń kó ọjà yín àti jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ àwọn oníbúrẹ́dì Agege. Lọ́dún 2022 nìkan, owó díísù lé ní ìlọ́po méjì. Ta ló fẹ́ sun ún lásán?

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan pọ́ǹpù, ẹ ní kí wọ́n wo fílítà afẹ́fẹ́ àti nọ́sù. Fílítà tó dí nìkan lè sọ mọ́tò di ọ̀lẹ. Bó bá wá di dandan, oníṣẹ́ pọ́ǹpù tó mọṣẹ́ ò ní fi etí lásán ṣe é: yóò tú u, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò, ẹnu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa da epo sínú ìgò onílà, yóò sì fi wé ìwé àwọn tó ṣe é. Ẹ dúró tì í. Kí epo inú ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bára mu, kó sì fi òjé tuntun dí i kẹ́ ẹ tó sanwó.