Ọ̀gá Tí A Kò Lè Sọ Òótọ́ Fún

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ronú sí dáadáa: mímọ iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ sí mímọ ènìyàn darí. Ọ̀dọ́ kan yóò mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ yóò rí i, wọn yóò sì fi ènìyàn mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sí abẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣì rò pé ohun tí wọ́n ń san owó fún ni kí òun mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ yóò fi máa bẹ̀rù rẹ̀. Wọn yóò máa pè é ní ọ̀gá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọn kì yóò sì sọ ohun tí ó wúlò fún un mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ó ti pa ènìyàn rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1986, àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Morton Thiokol ní ìpínlẹ̀ Utah, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ìpàdé lórí tẹlifóònù pẹ̀lú àwọn aláṣẹ NASA. Ní ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ Challenger, tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí òkè sánmà, yóò gbéra ní Florida. Thiokol ni ó ṣe àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ń ti ọkọ̀ náà sókè. Òrùka rọ́bà ni wọ́n fi dí ojú ibi tí abala rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti pàdé èkejì, kí iná inú rẹ̀ má baà jò síta. Òtútù a máa mú kí rọ́bà le, bí ó bá sì le, kì í tètè dí àlàfo. Roger Boisjoly, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà náà, ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ láti oṣù keje ọdún 1985 pé bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ òrùka yìí, ẹ̀mí lè ṣòfò. Ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ọkọ̀ má ṣe gbéra bí òtútù bá ju ti ìwọ̀n 12 Celsius lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ènìyàn ti gbọ́ pé omi yóò dì ní òru náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn aláṣẹ NASA nínú, nítorí wọ́n ti sún ìrìnàjò náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ará Thiokol bá tọrọ ààyè díẹ̀ láti dá sọ̀rọ̀ láàrin ara wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀gá àgbà kan ti sọ fún ẹni tí ó jẹ́ olórí gbogbo ẹnjiníà wọn pé kí ó bọ́ fìlà ẹnjiníà, kí ó sì dé fìlà máníjà. Àwọn ọ̀gá mẹ́rin ni wọ́n ṣe ìpinnu. A kò bi àwọn ẹnjiníà léèrè mọ́. Wọ́n padà sí orí tẹlifóònù, wọ́n ní kí ọkọ̀ máa lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní ìṣẹ́jú-àáyá 73 lẹ́yìn tí ó gbéra, Challenger fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà. Ènìyàn méje ni ó bá a lọ. Olùkọ́ ilé-ìwé kan, Christa McAuliffe, wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ni kí òǹkàwé tún gbé yẹ̀ wò. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún kì í ṣe òpè. Ẹnjiníà ni, ó sì ti fara mọ́ ohun tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sọ kí wọ́n tó dá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìmọ̀ ni ó wọ́n ní yàrá náà. Etí ni ó wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia tún tú ká bí ó ti ń padà bọ̀, ènìyàn méje míràn sì kú. Àwọn ẹnjiníà ti béèrè pé kí a ya àwòrán apá ọkọ̀ náà tí nǹkan já lù nígbà tí ó gbéra, ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà, àìsàn kan náà, lẹ́yìn ọdún 17!

Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣiṣẹ́ sí ní Yábàá kì í ta rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Owó ni wọ́n ń bá ènìyàn fi ránṣẹ́, tàbí ọjà ni wọ́n ń bá a tà. Síbẹ̀, bí owó ìyá aláta bá kúrò níbì kan tí kò dé ibòmíràn, ó ṣeé ṣe kí ọmọdébìnrin tí ó ń dán ètò náà wò ti rí àléébù rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Èéṣe tí kò fi sọ̀rọ̀? Wọ́n tọ́ ọ dáadáa ni. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í já àgbà lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọ̀gá sì ti fi ọjọ́ iṣẹ́ náà dá àwọn aláṣẹ lójú. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni kò ní kí a pa wọ́n tì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, kò sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọdé ni a fi dá a.

Ọrùn ọ̀gá ni ẹrù yìí wà, kì í ṣe ọrùn ọmọ iṣẹ́. Kí ọ̀gá jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí òun sọ ti rẹ̀ kẹ́yìn; nítorí bí ọ̀gá bá ti la ẹnu, ìpàdé parí nìyẹn, ohun tí ó kù ni "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú ìròyìn burúkú wá, lójú gbogbo ènìyàn, àní bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn. Kí ó sì máa jẹ́wọ́ àṣìṣe tirẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota, okùn kan wà tí òṣìṣẹ́ kékeré lè fà bí ó bá rí àléébù, títí dé orí dídá iṣẹ́ dúró. Ẹni tí ó bá fa okùn níbi tí ọ̀gá ti ń jágbe mọ́ ènìyàn, kì yóò fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú mú ọ̀gá kúrò. Google dán an wò ní ọdún 2002. Wọ́n yọ àwọn máníjà kúrò láàrin àwọn ẹnjiníà, oṣù díẹ̀ ni ó sì fi mọ. Ẹjọ́ wẹ́wẹ́ àti owó ìnáwó kéékèèké ni gbogbo ènìyàn ń gbé lọ bá Larry Page. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí lẹ́yìn náà nípa ohun tí ń sọ ènìyàn di ọ̀gá rere, ìwà mẹ́jọ ni wọ́n kà sílẹ̀. Kí ọ̀gá jẹ́ ẹni tí ń tọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà ni ó ṣíwájú. Ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an ni ó ṣe ìkẹjọ.

Ẹ̀tàn míràn tí í máa mú ọ̀gá tuntun ni pé bí iṣẹ́ bá ti pẹ́ jù, kí a fi ènìyàn kún un. Frederick Brooks, tí ó darí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ńlá ní IBM, kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1975 pé ńṣe ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún máa ń pẹ́ sí i. Kí a wo aránṣọ tí Iléyá ku ọjọ́ méjì tí ó wá pe ènìyàn márùn-ún tuntun: yóò dìde nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀ láti fi ìwọ̀n han olúkúlùkù wọn. Láàrin ènìyàn márùn-ún, ọ̀nà mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ lè gbà. Bí wọ́n bá di mẹ́wàá, ọ̀nà náà di 45. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ti lè sọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé ọjọ́ tí a dá kò tó, a kì bá tí dé ibi tí a ti ń wá ènìyàn kún ènìyàn.

Boisjoly sọ òótọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ Challenger. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn án lódì nítorí rẹ̀, ó sì fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 2012. Ọ̀dọ́ tí ó bá di ọ̀gá lónìí yóò rí irú rẹ̀ kan ní abẹ́ rẹ̀, ẹni tí àwọn yòókù ń pè ní aláṣejù, tí ó ń kọ ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ó pè é jókòó, kí ó ti ìlẹ̀kùn, kí ó sì ní kí ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.