Ẹ yé sọ pé ti inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe kẹ́mísìrì

Ẹ jọ̀ọ́, "kẹ́mísìrì wo ni kò ní ásíìdì nínú?" yìí ti sú mi. Bí ẹnì kan bá ti ní kọ̀ǹpútà lòún fi ń ṣe kẹ́mísìrì, wọ́n á ní ó ń sá fún láàbù ni. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Ẹ wo Martin Karplus. Wọ́n bí i ní Vienna lọ́dún 1930. Júù ni ìdílé wọn, nígbà tí Hitler gba Austria lọ́dún 1938, wọ́n sá lọ Amẹ́ríkà. Ẹyẹ ni ọmọ yìí kọ́kọ́ fẹ́ràn o! (Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá ọmọ ọdún mẹ́wàá yan iṣẹ́, ẹ ń gbọ́?) Ó gba PhD lọ́dọ̀ Linus Pauling ní Caltech lọ́dún 1953. Ó dé Harvard lọ́dún 1966.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn rè é: inú ìwé nìkan ni purotéènì ti ń dúró gbagidi. Nínú ara wa, ṣe ló ń mì, tó ń nà, tó ń ká. Báwo lèèyàn ṣe máa rí i? Ó ní ká ṣírò ẹ̀. Átọ̀mù yìí ń fa tọ̀hún, òmíràn ń tì í, kọ̀ǹpútà á máa wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, díẹ̀díẹ̀.

Àwọn oníkẹ́mísìrì ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ó ń fàkókò ṣòfò, pé mólékù kékeré gan-an ṣì ń fún àwọn ní wàhálà. Àwọn oníbàọ́lọ́jì ní bó bá tiẹ̀ ṣeé ṣe, kí la fẹ́ fi ṣe?

Lọ́dún 1977, òun, McCammon àti Gelin gbé e jáde. Purotéènì kékeré kan, kò sómi láyìíká ẹ̀ rárá. Picosecond 9.2 ni gbogbo ohun tí wọ́n rí. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà tírílíọ̀nù kan, kẹ́ ẹ mú bíi mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ìyẹn náà tó láti fi hàn pé nǹkan ọ̀hún ń mì lóòótọ́.

Lọ́dún 2013, wọ́n fún òun, Levitt àti Warshel ní ẹ̀bùn Nobel torí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ti kẹ́mísìrì ni wọ́n fún wọn o.

Mi ò ní ká ti láàbù pa. Kọ̀ǹpútà lè parọ́, láàbù ló máa já a. Àmọ́ GROMACS ọ̀fẹ́ ni, laptop tẹ́ ẹ fi ń wo fíìmù á sì parí iṣẹ́ 1977 yẹn kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ̀bà tán. Iná nìkan ni mi ò lè ṣèlérí.