Ẹ̀rọ Ayùn Fún Ibi Iṣẹ́ Inú Ilé: Ìlera Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Agbára

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá fẹ́ sọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ibi iṣẹ́ ní Ungwan Romi, ní ìhà gúúsù ìlú Kaduna, kò ní pẹ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì. Èyí tí àwọn tí iṣẹ́ yé máa ń fẹ́ ni èyí tí wọ́n sé ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ mọ́ inú àpótí irin, nítorí pé ó wúwo, kì í gbọ̀n, ó sì ń la igi líle bí ẹni ń gé ọṣẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jọra púpọ̀. Ayùn onínṣì mẹ́wàá ni ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀ńjìnnì wọn sábà máa ń ní agbára ẹṣin 3 sí 5, owó wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ohun tí olùrà máa ń bi ọlọ́jà ni pé èwo ni ó lágbára jù, èwo ni ó sì dínwó jù. Ìbéèrè méjèèjì kò burú, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Bí ẹ̀rọ méjì bá ti jọra tó báyìí, ohun tí ó yẹ kí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fún ọwọ́, ẹ̀dọ̀fóró àti etí ẹni tí ń lò ó, àti fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ààbò ọjà ti ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ń gba ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọọdún nítorí irú ẹ̀rọ yìí, àti pé nǹkan bí 4,000 nínú ìjàm̀bá wọ̀nyí ni ó ń gé ìka tàbí ọwọ́ sọnù. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà ni kò mọ ẹ̀rọ lò, kí ó fara balẹ̀ ka ìka ọwọ́ àwọn àgbà káfíńtà tí ó mọ̀.

Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, súìṣì ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùrà yẹ̀ wò. Bí iná bá lọ nígbà tí igi wà lẹ́nu ayùn, ẹ̀rọ yóò dákẹ́, káfíńtà yóò sì jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Bí súìṣì náà bá jẹ́ irú èyí tí ń dúró sí ibi tí a tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ̀rọ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ó lè jẹ́ pé ọmọdé ni ó wà nítòsí rẹ̀ nígbà náà, tàbí kí ó jẹ́ pé káfíńtà fúnra rẹ̀ ni ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti yọ èérún igi. Súìṣì olóòfà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti lọ, òun náà ti pa nìyẹn, kò sì ní tan àfi bí ènìyàn bá tún tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí olùrà ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà láìsí igi lórí rẹ̀, kí wọ́n pa iná láti ara ògiri, kí wọ́n dúró títí ayùn yóò fi dákẹ́, kí wọ́n sì tún tan iná ògiri padà. Bí ayùn bá yí, ẹ̀rọ yẹn kò yẹ fún inú ilé, bí ó ti wù kí ó dínwó tó, àfi bí oníṣẹ́ iná bá kọ́kọ́ pààrọ̀ súìṣì rẹ̀.

Ohun kejì ni ọ̀bẹ ẹ̀yìn ayùn, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ó dúró gbágbá lẹ́yìn ayùn, tí kì í jẹ́ kí ojú igi tí a ti là padé kí ó sì fún ayùn mọ́ àárín. Bí igi bá fún ayùn, ayùn yóò ta á padà sí àyà tàbí ikùn ẹni tí ń tì í, ọwọ́ tí ó wà lórí igi náà sì lè tẹ̀ lé e lọ sẹ́nu ayùn. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo ọ̀bẹ yìí tipẹ́tipẹ́. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 2008 ni ó ti di dandan lára ẹ̀rọ tuntun. Nítorí náà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ti dàgbà lè máà ní in rárá. Ìpààrọ̀ rẹ̀ lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kì í gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ayùn, ara ìbòrí ayùn ni ó sì sábà máa ń wà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ṣí ìbòrí kúrò ti ṣí méjèèjì. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀gá àwọn lo ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ọdún láìsí gbogbo èyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ìka wọn gé ní ọdún kejì kò dúró nídìí iṣẹ́ di ọ̀gá.

Ẹ̀rọ kan wà tí ó mọ ẹran ara yàtọ̀ sí igi. Stephen Gass, onímọ̀ físíìsì tí ó tún jẹ́ agbẹjọ́rò, ni ó ṣe é ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ SawStop sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 2004. Iná díẹ̀ ń gba ara ayùn náà kọjá; bí awọ ara bá kàn án, búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù kan yóò sọ sínú eyín ayùn, yóò sì dá a dúró láàárín nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ́séèjì ni wọ́n fi ń dán an wò fún àwọn ènìyàn, ojú ibẹ̀ kì í sì í ju fífà díẹ̀ lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kò sí èyí tí ó dára tó o. Síbẹ̀, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó ra búlọ́ọ̀kù mìíràn, ayùn náà sì sábà máa ń bàjẹ́. Igi tútù sì lè tàn án jẹ. Olùrà ní láti mọ ibi tí yóò ti rí ohun ìpààrọ̀ kí ó tó sanwó.

Ní ti agbára, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kò nílò ju agbára ẹṣin 3 lọ, ìdí èyí sì kan ìlera pẹ̀lú. Ẹ̀ńjìnnì agbára ẹṣin 3 ń lo iná tí ó tó 2,200 wáàtì, ó sì ń fa ìlọ́po púpọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbéra. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ti tóbi sí i ni ẹ̀rọ amúnáwá yóò ti tóbi sí i, èéfín rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn nínú oorun. Ẹ̀rọ amúnáwá kò gbọdọ̀ wọ inú ibi iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún iná 60 hertz ti Amẹ́ríkà yóò máa rọra yí lórí iná 50 hertz tiwa, ó sì lè gbóná ju bí ó ti yẹ lọ.

Eruku igi kì í mú ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí a kì í fi í kà á sí. Ní ọdún 1995, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá jùlọ ti ihò imú. Eruku ìrókò a máa dá ikọ́ fée àti ara yíyún sílẹ̀. Nídìí èyí ni àpótí irin ti wúlò jù: bí ó bá dé dáadáa, tí ó sì ní ihò tí a lè so ẹ̀rọ afaeruku mọ́, ọ̀pọ̀ eruku kò ní dé ibi tí wọ́n sá aṣọ sí. Kí olùrà fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú àpótí náà. Èyí tí ó ní àlàfo yíká kò yàtọ̀ sí èyí tí kò ní àpótí. Ìbòmú N95 ṣì pọn dandan, nítorí pé eruku òkè ayùn kì í wọ inú àpótí.

Ariwo ẹ̀rọ yìí lè tó 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ gbà pé etí lè fara da 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí mẹ́jọ. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni lójúmọ́. Kaduna gan-an ni Ibùdó Ìtọ́jú Etí ti Orílẹ̀-èdè yìí wà, ṣùgbọ́n etí tí ariwo bá ti pa kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ìdí etí olówó pọ́ọ́kú sàn ju ìyẹn lọ.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a sì gbé ọwọ́ náà sókè. Ìka tí ó gé, aṣọ mímọ́ tí a fi omi rin díẹ̀ ni kí a fi wé e, kí a fi í sínú ọ̀rá, kí a di ẹnu ọ̀rá náà pinpin, kí a tó gbé e sínú omi oníyìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ìka náà fúnra rẹ̀, nítorí pé yóò ba ẹran rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n kọ aago tí ó gé sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé aláìsàn àti ìka rẹ̀ lọ pọ̀ sí ilé-ìwòsàn ńlá tí ó súnmọ́ jùlọ. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ni ó lè so ìka padà. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú egungun ní Dala, ní Kano, jìnnà sí Kaduna ju 200 kìlómítà lọ.